Ẹ̀YÌN RÍRO TÍ Ń LỌ TÍ Ń BỌ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àrùn kan wà tí kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí olúwarẹ̀ gbádùn ayé: èyí ni ẹ̀yìn ríro. Yóò mú ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò lọ, a ó sì dúpẹ́. Kò ní pẹ́ tí yóò tún padà bí àlejò tí ó ti mọ ilé.

Bí a bá dé ọjà Ojúwoyè ní Muṣin tí a sọ pé ìbàdí ń ro wá, ẹlẹ́wé ọmọ yóò dáhùn kíá pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, àti pé ohun dídùn tí a ń jẹ ni ó fà á. Èmi kò kẹ́gàn ewé àti egbò. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀ràn yìí, ibòmíràn ni ó yẹ kí a wò. Eegun márùn-ún ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn wa, nǹkan rírọ̀ bí tìmùtìmù wà láàrin wọn, iṣan sì dì wọ́n mú yíká. Bí a bá gbé garawa omi lójijì, tàbí tí a jókòó ti ìwé láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí tí àníyàn ìdánwò kò jẹ́ kí a sùn, ẹ̀yìn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro láìsí pé ohunkóhun dá tàbí fọ́.

Kí ni ó wá ń mú un padà? Ìbẹ̀rù wà lára ohun tí ń fà á. Ẹni tí ẹ̀yìn ti ro rí a máa bẹ̀rù àtibẹ̀rẹ̀. Kò jẹ́ gbé nǹkan mọ́, kò jẹ́ rìn jìnnà, iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ a sì di aláìlágbára. Nígbà náà ẹrù kékeré tí kò jámọ́ nǹkan tẹ́lẹ̀ yóò tó láti dá a dùbúlẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn oníṣègùn fi yí ohùn padà: láyé àtijọ́ wọn a ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀ gbalaja, nísinsìnyí wọ́n ní kí ó dìde, kí ó máa rìn, kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé mílíọ̀nù 619 ènìyàn ni àrùn yìí bá jà ní ọdún 2020. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí ó gbé jáde ní 2023 lórí èyí tí ó ti pẹ́ lára, eré ìdárayá wà nínú ohun tí ó dámọ̀ràn.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí a kò lè mú ìtọ̀ dúró tàbí tí kò jáde mọ́, tí ibà bá a rìn, tàbí tí ó jẹ́ ìṣubú ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a má ṣe dúró de ọ̀la. Ilé ìwòsàn eegun wà ní Igbóbì, lẹ́bàá Yábà. Nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni a ṣe dá a sílẹ̀ ní ọdún 1945; lónìí, gbogbo ènìyàn ni ó ń gbà.