Àgbébọ̀ Aríjàgbá

Ṣàṣà ni àgbàlá ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbáà ṣe ti ọlọ́rọ̀ tàbí ti mẹ̀kúnnù, tí adìyẹ kò sí. Ẹyẹ ilé yìí sì ti bá wa gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi fún un ní ipò nínú ìtàn ìṣẹ̀dá ayé, nítorí wọ́n ní adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni ó tan erùpẹ̀ ká orí omi ní Ilé-Ifẹ̀ títí ilẹ̀ fi gbòòrò tí ènìyàn sì rí ibi tẹ̀ dó. À ń pa á fún àlejò, à ń fi í ṣe ètùtù, à ń fi í ṣe ìrànà nígbà tí àgbà bá sùn, ìyá arúgbó sì ń fi owó ẹyin rẹ̀ ra iyọ̀ àti epo. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo adìyẹ ni ó rọrùn láti sìn. Ó wọ́pọ̀ kí a rí ọ̀kan láàrin agbo tí ó jẹ́ pé ìjà ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, tí ọmọdé kò lè kọjá níwájú rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì lè fi ọkàn balẹ̀ jẹun.

Ẹ wo irú àgbébọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá da ọkà sílẹ̀ ní òwúrọ̀. Òun kì í sáré wá bí àwọn yòókù; jẹ́jẹ́ ni í rìn, a na ọrùn, a gbé orí sókè, a fi ẹ̀gbẹ́ ojú kan wo ilẹ̀, a sì fi èkejì wo àwọn tí ó ti ń jẹ. Bí adìyẹ kékeré kan bá gbàgbé ara rẹ̀ tí ó tún fẹnu kan ọkà níwájú rẹ̀, kíá ni yóò fi àgógó ẹnu ṣá a ní àtàrí, ìyẹ́ mẹ́ta mẹ́rin a sì fò sókè, olúwarẹ̀ a ké, a sì lọ fara pamọ́ sí ìdí ìkòkò omi, níbi tí yóò dúró sí títí àwọn yòókù yóò fi jẹun tán. Bí ènìyàn bá na ọwọ́ sí i, a fẹ ìyẹ́ ara rẹ̀ títí yóò fi tóbi ju bí ó ti rí lọ, a ju apá méjèèjì wọ́lẹ̀, a sì máa kùn láti inú ọ̀fun wá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, kíákíá ni ọ̀pọ̀ onílé ń fa ọ̀bẹ yọ, tàbí kí wọ́n gbé igi lé adìyẹ náà kiri àgbàlá. Irú wọn ni òwe ń bá wí pé, “Adìyẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin,” nítorí ẹni tí ó fọ́ ẹyin kò rí oògùn rẹ̀ kó padà, ó sì tún pàdánù òròmọdìyẹ tí ì bá pa. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ìbínú àgbébọ̀ ní ìdí, ẹni tí ó bá sì wá ìdí náà rí ni yóò jèrè rẹ̀.

Ìdí kìíní ni ọmọ. Àgbébọ̀ tí ó tutù bí omi àmù lánàá lè gbóná lónìí, bí ó bá ti sàba lé ẹyin. Ọjọ́ 21 gbáko ni yóò fi wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni í sábà dìde lóòjọ́ láti jẹun, láti mu omi àti láti yàgbẹ́, a sì tún padà kánkán kí ẹyin má baà tutù. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ a re kí ooru ara rẹ̀ lè kan ẹyin gbọ̀ngbọ̀n, a sì máa fi ẹnu yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde tán, àgbébọ̀ abiyamọ, a-fapá-bọmọ, a-tan-ilẹ̀-bọ́mọ, kò tún bẹ̀rù ajá, kò bẹ̀rù ènìyàn, àní àṣá tí ń rà bàbà lókè kò lè mú un sá. Ta ni yóò pe èyí ní ìwàkiwà? Kí a tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ tí ọmọdé kì í dé, kí a gbé omi àti ọkà sí ìtòsí rẹ̀, bí ó bá sì di dandan kí a fọwọ́ kan ẹyin, kí a dúró di alẹ́, nítorí adìyẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Bí a kò bá fẹ́ kí ó sàba, kí a kó ẹyin kúrò, kí a sì fi àgò dé e mọ́ ibi tí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ wà fún ọjọ́ díẹ̀, láìsí ìtẹ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú oúnjẹ àti omi. Ara rẹ̀ yóò rọlẹ̀.

Ìdí kejì ni ipò. Agbo adìyẹ kò yàtọ̀ sí agboolé olórogún, níbi tí ìyálé ti mọ ipò rẹ̀ tí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé sì gbọ́dọ̀ mọ tirẹ̀. Ará Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tí ó ti ń ṣọ́ adìyẹ láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú iṣẹ́ tí a tẹ̀ jáde ní èdè Jámánì ní ọdún 1922: ó ní nínú agbo, adìyẹ kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tí òun lè ṣá, ó sì mọ ẹni tí ó lè ṣá òun. Nígbà tí ètò yìí bá ti fìdí múlẹ̀, ìjà a dínkù, nítorí wíwò lásán ti tó fún ẹni tí ó kéré láti yà lọ́nà. Àlejò ni í da ètò náà rú. Nítorí náà, adìyẹ tí a rà lọ́jà, ẹ má ṣe tú u sílẹ̀ sáàrin agbo ní ọ̀sán gangan. Ẹ fi àgò dé e mọ́ àgbàlá fún ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn adìyẹ onílé lè máa rí i láìlè ṣá a, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sí ibi tí wọ́n ń wọ̀ sí ní alẹ́. Kí a sì máa da ọkà sí ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ìyálé má lè dá gbogbo rẹ̀ ṣọ́. Bí ó bá ṣì ń fìyà jẹ wọn, òun gan-an ni kí a mú kúrò fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí yóò bá fi padà dé, àwọn tí ó ń lé kiri yóò ti pín ipò rẹ̀ láàrin ara wọn, yóò sì di dandan fún un láti rọra wọlé bí àlejò.

Ìdí kẹta ni ìnira. Bí àgò bá há jù, bí oúnjẹ kò bá tó, tàbí bí kòkòrò wẹ́wẹ́ bá ń jẹ ẹ́ lábẹ́ ìyẹ́, kò sí bí inú adìyẹ yóò ṣe dùn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ da eérú gbígbẹ àti iyẹ̀pẹ̀ sí igun kan kí ó máa yí ara nínú rẹ̀. Adìyẹ tí ó bá ti ní ojú egbò, kí a yà á sọ́tọ̀ títí yóò fi jinná, nítorí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè ṣá ibẹ̀ títí wọn yóò fi pa á. Èyí tí ó bá ń jẹ ẹyin ara rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ohun tí ń mú egungun le ni ara rẹ̀ ń wá: ẹ lọ ìkarahun ìgbín kúnná fún un, ẹ sì máa tètè kó ẹyin. Bí ó bá jẹ́ èèpo ẹyin ni ẹ fẹ́ lò, ẹ yan án lórí iná, kí ẹ gún un títí kò fi ní jọ ẹyin mọ́, kí ẹ má baà fi ọwọ́ ara yín kọ́ ọ ní olè.

Òótọ́ ni pé a rí èyí tí a ó ṣe gbogbo rẹ̀ fún tí kò ní yí padà, tí ó bá ìjà tan láti inú ẹyin. Ìkòkò ọbẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí irú wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ ọmọ í tọ́, ọgbọ́n kan kù kí a tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Adìyẹ tí ó bá fẹ́ sàba kì í béèrè ẹni tí ó yé ẹyin. Ẹyin awó àti ti pẹ́pẹ́yẹ ni a ti ń gbé sábẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ tí ó sì ń pa wọ́n. Ẹ máa jẹ ẹyin aríjàgbá, kí irú rẹ̀ má baà pọ̀ nínú agbo, kí ẹ sì máa kó ẹyin àgbébọ̀ tí ó tutù jù lọ sábẹ́ rẹ̀. Yóò fi gbogbo ìjà ara rẹ̀ dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ àṣá, nígbà tí wọ́n bá sì dàgbà, ìwà tútù ìyá tí ó yé wọn ni ẹ ó máa retí lára wọn.