Ṣé o mọ̀? Ẹ̀dọ̀ ni ilé ìdáná kódínnì

Ṣé o mọ̀ pé kódínnì inú oògùn ikọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ìrora fúnra rẹ̀? Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di mọfíìnì, mọfíìnì yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni agbára tramadol, oògùn ìrora míì, ti ń jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì yára ju ti ẹlòmíì lọ nídìí iṣẹ́ yìí? Ìwọ̀n tí kò ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan lè dá èémí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yára dúró. Ní 2017, iléeṣẹ́ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní kódínnì tàbí tramadol. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ara ìgò oògùn ikọ́ wò dáadáa.

Tí ẹ̀dọ̀ bá wá ń ṣàìsàn ńkọ́? Oògùn á pẹ́ nínú ara, ìkejì á wá bá ìkíní níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé parasitamọ́ọ̀lù tí wọ́n pò mọ́ kódínnì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ju kódínnì lọ? Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró 8 oní-mílígíráàmù 500. Ẹni tí kódínnì ti mọ́ lára, tó ń gbé hóró 15 àpòpọ̀ yìí mì kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, gíráàmù 7.5 parasitamọ́ọ̀lù ló lè gbé mì láìfura. Lọ́jọ́ kìíní, ó lè má mọ nǹkan kan lára. Tó bá di ọjọ́ kejì, ìkẹta, abẹ́ ìhà ọ̀tún á máa ro ó, ẹyinjú á pọ́n bí èso ìyeyè. Kí ó tó dà bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn, torí oògùn tó ń gba ẹ̀dọ̀ là wà, àfi kó tètè wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé mọfíìnì ń so mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò àrùn jà? Wọ́n á máa falẹ̀, wọn ò ní lè gbé kòkòrò mì bó ṣe yẹ. Mọfíìnì tún ń mú kí ìfun máa falẹ̀, ìgbẹ́ á le koko. Nínú eku tí wọ́n fi ṣèwádìí, ògiri ìfun dẹ̀, kòkòrò sì ráyè jò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀dọ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ kọ́kọ́ ń yà sí.



Ṣé o mọ̀ pé yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́, ṣíbí àti omi tí àwọn tó ń gún irú oògùn báyìí sára jọ ń lò lè kó hepatitis C, àrùn ẹ̀dọ̀, ràn wọ́n? Àrùn náà ti ń lọ báyìí o: oògùn ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ń wo ènìyàn tó lé ní 95 nínú 100 sàn.