Ìpè Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Ní Yunifásítì, kì í ṣe inú ìwé nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ìmọ̀ rẹ̀ hàn. Nígbà mìíràn, yóò dìde níwájú olùkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe àlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dunjú, bí ìpè ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já gaara, ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ní í yé àwọn olùgbọ́. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ìpè Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣòro fún ọmọ Yorùbá.

Èkínní ni àwọn ìró tí kò sí nínú èdè Yorùbá, bíi “v”, “z” àti “th”. Ẹni tí ó fẹ́ pe “van”, tí í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, a máa pe “fan”, tí í ṣe abẹ̀bẹ̀. “Three”, tí í ṣe ẹẹ́ta, a sì di “tree”, tí í ṣe igi. Eyín òkè àti ètè ìsàlẹ̀ ni a fi ń pe “f” àti “v” pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀fun a máa gbọ̀n bí a bá ń pe “v”. Ẹni tí ó bá fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀ yóò mọ ìyàtọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “s” àti “z” rí. Ní ti “th”, ṣóńṣó ahọ́n ni a ń fi sí àárín eyín, kí èémí sì gba ibẹ̀ jáde.

Èkejì ni kọ́ńsónáǹtì tí ó ṣù pọ̀. Yorùbá a máa fi fáwẹ̀lì là wọ́n: “bread” di búrẹ́dì, “slate” sì di síléètì. Èyí tọ̀nà nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀kẹta ni apá ibi tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Ohùn ni ó ya igbá, igba àti ìgbà sọ́tọ̀ ní Yorùbá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá tẹ ìbẹ̀rẹ̀ “record” mọ́lẹ̀, àkọsílẹ̀ ni; bí a bá tẹ ìparí rẹ̀, kí a kọ nǹkan sílẹ̀ ni. Ìwé atúmọ̀ èdè a máa fi àmì sí ibi tí ó yẹ. Daniel Jones tilẹ̀ ṣe odidi ìwé kan lórí ìpè ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1917.

Kì í ṣe pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ránmú bí Òyìnbó. Kí ó yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó le wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè, kí ó kà wọ́n sókè lójoojúmọ́, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán láti sọ ohun tí ó gbọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó má ṣe kánjú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.