Ìtọ́jú láti ilé ìjọsìn fún ìdílé aláìní tí HIV kàn

Kókó ọ̀rọ̀

• Láti ọdún 2006 ni oògùn HIV ti di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Owó ọkọ̀, ebi àti ìtìjú ni ó sábà máa ń dí aláìní lọ́nà àtirí i lò.
• Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí lè bá ìdílé aláìní gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.
• Àdúrà kò dí oògùn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró nítorí àdúrà.
• Aláìsàn ni ó ni àṣírí ara rẹ̀.

Báwo ni HIV ṣe ń kan ìdílé aláìní?

Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 ènìyàn ni ó ní kòkòrò HIV lára. Bí kòkòrò náà bá wọ ilé tí ọwọ́ kò tó ẹnu, kì í mọ sí ara ẹnì kan. Ẹni tí ń wá oúnjẹ lè dùbúlẹ̀ àìsàn, kí wọ́n ta ọjà àti irinṣẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn ẹbí sì máa yẹra fún wọn. Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni oògùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ kò lè dé ibi tí ó wà.

Orúkọ tí a ń pe àrùn yìí pàápàá ń dá kún ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè é ní “àrùn kògbóògùn”, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń gbọ́ oògùn. Oògùn kò tíì lè lé kòkòrò náà jáde pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń ká a lọ́wọ́ kò kí agbára ara lè padà. Ẹni tí ó ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń ní ìbálòpọ̀. Bí àwọn aláboyún tí ó ní HIV kò bá gba ìtọ́jú kankan, 15 sí 45 nínú 100 ọmọ wọn ni ó lè kó o. Ìtọ́jú tó péye lè mú kí iye náà má tó 5.

Kí ni ilé ìjọsìn lè ṣe?

Àánú ṣíṣe kì í ṣe ohun tuntun nínú ẹ̀sìn. Nínú ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ tí a lè fún ní sàká, tálákà àti aláìní ni ó ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni náà ní àpò ìrànlọ́wọ́ fún opó àti ọmọ òrukàn. A lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ìwọ̀nyí:

• owó ọkọ̀ ní ọjọ́ tí aláìsàn yóò lọ gba oògùn;
• oúnjẹ fún ìdílé tí kò lè ṣiṣẹ́;
• owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé fún àwọn ọmọ;
• owó díẹ̀ láti tún bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ilé ìjọsìn tún lè mú àyẹ̀wò sún mọ́ ènìyàn. Ní ìpínlẹ̀ Enugu, láàárín ọdún 2013 àti 2014, àwọn olùwádìí bá ṣọ́ọ̀ṣì 40 ṣiṣẹ́. Nínú 20 lára wọn, wọ́n gbàdúrà fún àwọn aláboyún, ìjọ ṣe àpèjẹ fún wọn, a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò níbẹ̀ fún HIV pẹ̀lú àwọn àìsàn mìíràn. Nínú 100 obìnrin, 92 ni ó ṣe àyẹ̀wò HIV. Ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì 20 yòókù, níbi tí a ti ní kí àwọn obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn, 55 péré ni.

Kí ni kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀?

Ewu tí ó tóbi jù ni dídá oògùn dúró. Àyẹ̀wò tí kò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti lọ. Ẹ̀rí pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ni. Bí ẹni tí ó gba irú èsì bẹ́ẹ̀ bá jẹ́rìí nínú ìjọ pé òun ti rí ìwòsàn, tí ó sì da oògùn nù, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kòkòrò náà yóò tún máa pọ̀ sí i. A lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí a sì máa lo oògùn lọ.

A kò gbọ́dọ̀ dárúkọ aláìsàn níbi ìwàásù tàbí wáàsí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà ni a fẹ́ gbà fún un. A kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni ṣe àyẹ̀wò, tàbí kí a ní kí ó yí ẹ̀sìn padà kí ó tó jẹun. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2014 ka dídẹ́yẹ sí ènìyàn nítorí HIV léèwọ̀.

Nígbà àwẹ̀ ńkọ́?

Oògùn tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò báyìí jẹ́ ẹyọ kan lóòjọ́. Ẹni tí ó fẹ́ gbààwẹ̀ lè bá òṣìṣẹ́ ìlera ṣètò kí ó máa lò ó nígbà ìṣínu tàbí sààrì. Kí aláboyún, abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́yàn àti ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá má ṣe bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ láìkọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

• Bí aláìsàn bá pa ọjọ́ oògùn jẹ, ẹ kọ́kọ́ bi í bí ó ṣe ń jẹun àti bí ó ṣe ń rí owó ọkọ̀. Ẹ má ṣe bá a wí.
• Ẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ ti dúró ní oògùn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìrìnàjò lè dín kù.
• Ẹ gba ìyọ̀ǹda aláìsàn kí ẹ tó bá ìjọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Fún ẹni tí ó ní HIV àti ìdílé rẹ̀

• Ẹ̀yin ni ẹ óò yan ẹni tí ẹ fẹ́ sọ fún.
• Bí ẹ bá ti dá oògùn dúró, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lónìí.
• Ẹ mú ọmọ tuntun wá fún àyẹ̀wò, ó pẹ́ tán, nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tí ó ní HIV tí wọn kò gba ìtọ́jú ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Ọmọ tí a bá tètè tọ́jú lè dàgbà, kí ó sì di òbí.