Amọ́tísọ̀ alùpùpù wa: ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe nínú àgbàlá

Láti Kétu dé Ṣábẹ, láti Àjàṣẹ́ dé àwọn abúlé etí ààlà, alùpùpù ni ẹsẹ̀ wa. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, òun ló ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, òun ló ń gbé àpò àgbàdo lọ sí ọjà. Òun náà ló sì ń gbé kpayo, epo ààlà tí gbogbo wa mọ̀, tí a sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ènìyàn méjì ni a fi ń gbé mẹ́rin àti ẹrù. Nígbà tí ẹ̀yìn bá wá ń dùn wá, a ó ní ọ̀nà ni kò dára. Òtítọ́ ni, ọ̀nà kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mélòó ni a ti bẹ̀rẹ̀ wo ohun tó wà láàárín táyà àti ìjókòó?

Ohun náà ni amọ́tísọ̀. A fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe fúnra wọn nílé. Àwọn kan ń ṣe é dáadáa. Àwọn kan sì ń ṣe é bí àwa náà ti ṣe é ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀. Lára amọ́tísọ̀ kọ̀ọ̀kan, irin kan wà tí a lọ́ yíká yíká, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní rẹ̀sọ́ọ̀. Epo sì wà nínú ọ̀pá. Irin ló ń ru ẹrù. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, irin a sún kì, lẹ́yìn náà a fẹ́ na ara rẹ̀ padà. Bí ó bá ku òun nìkan, alùpùpù yóò máa fò bí ọmọ ewúrẹ́ títí agbára irin yóò fi tán. Epo ni kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀: bí ọ̀pá ti ń wọlé tó ń jáde, ó ń fi tipátipá ti epo gba inú ihò kéékèèké kọjá, agbára ìfò náà a sì di ooru. Ìdí nìyí tí amọ́tísọ̀ fi máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn jíjìn lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Irin ń rù, epo ń tù. Ẹni tó bá da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ yóò máa fi irin líle wo àìsàn epo, tàbí kí ó fi epo wo àìsàn irin.

Àwa gan-an dà wọ́n pọ̀, àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìkì! Lórí pátákó, a máa ń kọ ọ́ pé irin tó bá sún kì ní 1 cm lábẹ́ ẹrù 10 kg yóò sún kì ní 2 cm lábẹ́ 20 kg. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ra alùpùpù àlòkù kan, tí iwájú rẹ̀ ń wólẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá fa ìjánu, a gbàgbé pátákó. Àbúrò wa ní kí a da epo kún inú fúrúṣì iwájú kí ó lè le. Epo ẹ́ńjìnì tó ṣẹ́kù nínú ike ni a lò. A kò wọ̀n ọ́n. A dà á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Iwájú le lóòótọ́. Inú wa dùn, a gùn ún yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kẹrin, a gbé ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ sí ilé-ìwé lórí ọ̀nà ilẹ̀ pupa. Ohun tí a kò rò ni pé àyè afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè epo nínú fúrúṣì. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, epo kò ṣeé fún pọ̀. Bí àyè náà bá kéré jù, tí táyà sì kọlu kòtò ńlá, agbára inú ọ̀pá a máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ti rọ́bà tó ń dí epo, joint spi, kúrò ní ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Epo ṣàn dé orí dísíkì ìjánu. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ṣáájú afárá, a fa ìjánu iwájú: ó le lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n dísíkì ń yọ̀ bí ẹni pé a fi ọṣẹ pa á. Ìjánu ẹ̀yìn àti igbó etí ọ̀nà ló gbà wá. Bàtà ọmọ náà kan bọ́ sínú omi; títí di òní ló ṣì ń bi wá léèrè rẹ̀.

Mẹkáníìkì àgbà kan ni a lọ bá lẹ́yìn èyí. A ti mú sípánà dání. Bàbá wò wá, ó ní: “Olùkọ́, ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ mú téèpù wá.”

A gbé alùpùpù sórí ẹsẹ̀ ìdúró àárín kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀, a sì wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé àmì kan tó wà lókè rẹ̀ gan-an, lábẹ́ ìjókòó. Lẹ́yìn náà, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a gùn ún pẹ̀lú ẹrù tí a máa ń gbé, Bàbá sì tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni iye tí ẹrù fi tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìrìn amọ́tísọ̀: bí táyà ẹ̀yìn bá lè rìn 90 mm lókè lódò, nǹkan bí 30 mm ni. Tiwa jẹ́ 52. Ìjókòó lásán ti jẹ ju ìdajì lọ kí a tó rí kòtò kankan.

Òrùka onípele kan wà nídìí ọ̀pọ̀ amọ́tísọ̀ ẹ̀yìn. A máa ń yí i sókè, ọ̀tún àti òsì ní ìpele kan náà. Yíyí i kò sọ irin di líle; ó kàn ń gbé alùpùpù sókè ni. A yí tiwa dé òpin, ó ṣì ku 41. Ó ti rẹ irin náà. Ibẹ̀ ni owó ti jáde: a ra méjì tuntun, tí irin wọn le díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tí gígùn wọn láti ihò òkè dé ihò ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ fẹ́ràn èyí tó gùn, nítorí pé ìdí alùpùpù a ga bíi ti eré ìje. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá ga, ọwọ́ ìdarí a di aláìfararọ, ìfà ṣéènì a yí padà, ẹsẹ̀ ìdúró ẹ̀gbẹ́ a sì kúrú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn: bí ẹ bá tú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn yóò wó lé yín lọ́wọ́.

Ní ti fúrúṣì, ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tú ìdérí òkè, kí ẹ sì gbé ojú kúrò lórí rẹ̀, nítorí irin inú rẹ̀ ń tì í sókè. Ẹ da epo àtijọ́ nù pátápátá. Epo fúrúṣì ni kí ẹ rà, 10W tàbí 15W, èyí tí ìwé alùpùpù yín bá sọ. Iye tí ìwé sọ ni kí ẹ fi síríǹjì wọ̀n, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Lẹ́yìn náà ẹ rọra tì í sókè sódò kí afẹ́fẹ́ inú epo lè jáde. Bí epo bá ti kan pílákẹ́ẹ̀tì ìjánu rí, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. A fọ tiwa. A tún rà á.

A mọ̀ pé àwọn onízémidjan kan ń ki rọ́bà táyà sáàárín irin, àwọn kan sì ń jó irin mọ́ ara amọ́tísọ̀. Ti rọ́bà, ó kàn ń pa ìrìn amọ́tísọ̀ ni. Ti jíjó lè pa ènìyàn: ọ̀pá tó ní epo àti gáàsì nínú lè bẹ́ bí iná bá kàn án.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Alùpùpù dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ti tẹ́lẹ̀ máa ń mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. A kọ́kọ́ dán ìjánu wò nínú àgbàlá, pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀, kí ọmọ tó gùn ún.

Ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá, a tún un wọ̀n: 31. A yára lọ sọ fún Bàbá. Ó bi wá bóyá a gbé ọmọ àti àpò ìwé rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí a wọ̀n ọ́n. A kò gbé wọn. A padà sílé lọ mú téèpù.