Oúnjẹ Ọdún àti Ajá Oko Wa

Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, tí a jẹun tán, a máa ń kó egungun àti ìyókù ọbẹ̀ jọ fún ajá. Inú rere ni a fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó lè gbé ajá dè. Àwa tí a wá ṣàgbẹ̀ sí Òkè Ọya mọ iṣẹ́ tí ajá ń ṣe fún wa: òun ní ń lé ọ̀bọ nínú àgbàdo, òun ní ń gbó olè lóru. Dókítà ẹran kì í sì í sí nítòsí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa.

Ohun tó dára fún un

Iṣu sísè, ìrẹsì funfun, àmàlà, ẹ̀kọ, tùwó àti ẹ̀wà tí a sè lásán kò ní ewu fún ajá. Ẹran sísè tí kò ní egungun, ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ díẹ̀ àti ẹyin bíbọ̀ yóò ṣe é lóore. Ohun tí a ń fi sínú oúnjẹ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ohun tí kò dára fún un

1. Àlùbọ́sà àti ááyù. Ìbáà jẹ́ tútù, ìbáà jẹ́ sísè, wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Àlùbọ́sà gíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ajá wúwo tó lè pa á lára. Fún ajá tó wúwo tó kílò 15, èyí jẹ́ gíráàmù 225, bí àlùbọ́sà méjì tó tóbi díẹ̀. Ó lè má jẹ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ọdún kì í tán lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ ni yóò para pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹran ìdí eyín rẹ̀ yóò funfun, yóò máa mí lókè lókè, ìtọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú. Ẹ rántí pé àlùbọ́sà wà nínú ọbẹ̀ ata, jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti àkàrà.

2. Egungun sísè. Egungun adìẹ àti tòlótòló tí iná ti kàn máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ọ̀fun tàbí ìfun.

3. Ọ̀rá àti awọ ẹran púpọ̀. Ó ń fa èébì àti inú rírun tó lè pa ajá.

4. Kòkó, ṣokoléètì àti obì. Ohun tó wà nínú wọn tí kì í jẹ́ kí oorun kun ènìyàn kì í tètè kúrò lára ajá. Àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, gìrì sì lè mú un. Ẹ má fún un ní kéèkì tó ní èso àjàrà gbígbẹ, nítorí ó ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fún un ní ẹmu tàbí ọtí.

5. Ẹ̀dọ̀ àti fùkùfúkù tútù. Bí a bá ń kun ẹran Iléyá, tí a rí àpò omi lára wọn, aràn ló wà níbẹ̀. Bí ajá bá jẹ ẹ́, ẹyin aràn náà yóò máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì lè dé ẹnu àwọn ọmọ wa. Ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà.

Bí a ó ti ṣe é

Ẹ̀yin ìyá tí ń dáná, ẹ bu ti ajá sọ́tọ̀ kí àlùbọ́sà tó wọ ìkòkò. Ẹ yọ egungun, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ pò ó mọ́ iṣu tàbí tùwó. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ àti àlejò kí wọ́n má ju egungun sílẹ̀.

Bí ajá bá jẹ ohun tí kò yẹ, ẹ má fi agbára da epo pupa sí i lẹ́nu bí a ti máa ń ṣe. Epo náà lè ya sí fùkùfúkù rẹ̀, kí ó sì fi bẹ́ẹ̀ kú. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ àti ìgbà tó jẹ ẹ́.

Ìkìlọ̀ kan kù. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu ajá, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má yára sọ pé egungun ló há a lọ́fun, kí ẹ sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni dìgbòlugi ń ṣe, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ sé e mọ́ ibi kan, kí ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Bí ó bá ti bu ènìyàn jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́.

A ó ṣe ọdún yìí láyọ̀, tènìyàn tẹran. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.