Ìtasẹ́yìn Ìbọn àti Yíyan Àkisínú Rìfọ́fà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbọn Yíyìn

Ọdẹ tí ó bá ti yin ṣakabùlà rí mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni agbára ìbọn ń gbà lọ. Bí ọta ti ń lọ sí iwájú ni ìdí ìbọn ń bọ̀ wá bá èjìká ẹni tí ó yìn ín. Ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ lédè òyìnbó ní orúkọ kan pàtó fún ìṣẹ̀lẹ̀ kejì yìí. Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó lè du ipò náà: ìfàsẹ́yìn, ìtìsẹ́yìn àti ìtasẹ́yìn.

Ìfàsẹ́yìn kò bá a mu. Gbogbo ènìyàn ni ó ti ń lò ó fún ohun tí ó ń dá iṣẹ́ dúró. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ohun tí ó fa ìbọn. Ìtìsẹ́yìn sàn jù ú lọ, nítorí òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ẹ̀tù dà bí ó bá jó ń ti ìbọn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tí a ń tì máa ń rọra lọ ni. Ìtasẹ́yìn ni ó gbé òjijì ìṣẹ̀lẹ̀ náà yọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta ènìyàn nípàá. Òun ni ó yẹ kí ó dúró.

Ọ̀rọ̀ kejì ṣòro ju èyí lọ, àṣìṣe nínú rẹ̀ sì lè ṣe ènìyàn léṣe. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ẹrù tí ọkọ̀ ń kó, fún iṣẹ́ kíki ìbọn, àti fún àpapọ̀ ohun tí ilé iṣẹ́ ki sínú kátíríìjì. Bí ògbufọ̀ kan ní Jíbówú, níbi tí àwọn ọkọ̀ akérò ńlá ti ń di ẹrù kí wọ́n tó forí lé ìhà Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, bá ń túmọ̀ ìwé ìlànà tí a kọ ní Amẹ́ríkà fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìbọn, tí ó sì kọ “ẹrù fífúyẹ́”, òǹkàwé yóò rò pé àpò tí wọ́n fi ń gbé ìbọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Èyí kò tíì burú. Bí ó bá kọ “ọta kékeré” ni ewu dé, nítorí pé ọta inú kátíríìjì tí ó rọrùn àti ti inú èyí tí ó le lè wúwo bákan náà gẹ́lẹ́. Ẹ̀tù ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fi ojú wo orí ọta nìkan yóò mú èyí tí ó le fún akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì rò pé èyí tí ó rọrùn ni òun mú.

Nítorí náà, ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀. Ọta ni ohun tí ó ń jáde lẹ́nu ìbọn. Ẹ̀tù ni ohun tí ó ń jó. Kòròfo kátíríìjì ni ike tàbí idẹ tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún. Àkisínú, láti inú “ki sínú”, ni àpapọ̀ irú ọta àti ìwọ̀n ẹ̀tù tí a fi ṣe kátíríìjì kan. Àkisínú rírọrùn ni èyí tí ìtasẹ́yìn rẹ̀ kéré. Àkisínú líle ni òdìkejì rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ọdẹ. Ẹnu ṣakabùlà ni a ń gbà ki í, olúkúlùkù ni ó sì ń fi ojú ara rẹ̀ díwọ̀n ẹ̀tù. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn a ta á kíkankíkan. Bí ó bá tún pọ̀ sí i, ọ̀pá ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kátíríìjì ni ó gba ìwọ̀n yìí kúrò lọ́wọ́ ayìnbọn tí ó sì gbé e fún ilé iṣẹ́. Nígbà ogun Kírìjì (1877–1886), tí àwọn ọmọ Èkìtì tí ó wà ní Èkó fi ìbọn akátíríìjì ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, ohun tuntun tí ó wọ ojú ogun ju ìyára lọ: ẹ̀tù tí a ti wọ̀n sílẹ̀ ni pẹ̀lú.

Rìfọ́fà ni ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, tí ihò inú ilé náà sì sábà máa ń jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. (Àwọn kan lè fẹ́ pe ilé ọta yìí ní àgbá nítorí ìrísí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bẹ níbẹ̀: àgbá ti jẹ́ orúkọ ìbọn ńlá tí a ń fi kẹ̀kẹ́ wọ́.) Ní Nàìjíríà, Òfin Ohun Ìjà Oníná ti ọdún 1959 ka rìfọ́fà mọ́ àwọn ìbọn tí a kà léèwọ̀, ti pé ará ìlú kò lè ní in láìgba àṣẹ pàtàkì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ọjà Jíbówú, bí kò ṣe ti ìwé, ti ilé ẹ̀kọ́, àti ti àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gbà á láàyè fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ìdí tí ìbọn fi ń ta sẹ́yìn wà nínú òfin kẹta tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní ọdún 1687. Ẹni tí ó bá fò láti inú ọkọ̀ ojú omi sí èbúté ní Màkókò ti rí i: bí ó ti ń lọ síwájú ni ọkọ̀ ń sún sẹ́yìn, bí ọkọ̀ náà bá sì fúyẹ́, yóò sún jìnnà. Ipá ìrìn ni a lè pe ohun tí a rí nígbà tí a bá fi ìyára ohun kan sọ ìwọ̀n rẹ̀ di púpọ̀. Ipá ìrìn tí ọta àti afẹ́fẹ́ ẹ̀tù bá gbé lọ síwájú, iye rẹ̀ gan-an ni ìbọn ń gbé bọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo kátíríìjì méjì tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ jù. .38 Special jáde ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún; .357 Magnum jáde ní nǹkan bí ọdún 1935. Ọta tí ó wọ́pọ̀ nínú méjèèjì tó gíráàmù 10.2. Láti inú .38 Special, ìyára rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 230 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti inú.357 Magnum, ó tó 376. Bí ìbọn bá wọn kìlógíráàmù kan, ti àkọ́kọ́ yóò ta á sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tí ó tó júùlù 2.8, èkejì pẹ̀lú 7.4. Ọta nìkan ni ìṣirò yìí kà. Ẹ̀tù inú Magnum pọ̀ ju ti èkejì lọ dáadáa, nítorí náà ìyàtọ̀ gidi tún ju báyìí lọ.

Ṣùgbọ́n kí a gbé .38 Special kan náà sínú ìbọn kékeré tí kò ju gíráàmù 450 lọ. Agbára ìtasẹ́yìn yóò di júùlù 6.1. Kátíríìjì kò yí padà. Ìbọn ni ó fúyẹ́. Níbí ni ọ̀pọ̀ olùtajà àti ọ̀pọ̀ ọkọ ti ń ṣi ìyàwó lọ́nà: wọ́n rò pé ọwọ́ kékeré ni ó ni ìbọn kékeré. Ìbọn kékeré fún ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ kò gba ìtasẹ́yìn nílò irin tí ó wúwo, tí ìdí rẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, tí ó sì lè gbé láìrẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni .22, tí ìtasẹ́yìn rẹ̀ kò tó nǹkan nínú ìbọn irin. Òun náà ni àwọn obìnrin fi ń díje nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ mítà 25 ní Òlíḿpíìkì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni .38 Special olórí pẹrẹsẹ, ọta gíráàmù 9.6 tí ẹ̀tù rẹ̀ kéré, tí a ṣe fún yíyin àmì orí bébà. Nínú ìbọn kìlógíráàmù kan, ìtasẹ́yìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí júùlù 2.1 lọ. Ihò tí ó ń lù sórí bébà máa ń mọ́ rekete, èyí sì ń mú inú akẹ́kọ̀ọ́ dùn.

Rìfọ́fà tí a ṣe fún .357 Magnum lè yin .38 Special, ṣùgbọ́n èyí tí a ṣe fún .38 Special kò gbọdọ̀ yin Magnum. Ọlọgbọ́n ni ó ṣètò èyí: kòròfo Magnum gùn tó mìlímítà 32.8, ti èkejì kò ju 29.3 lọ, kí ó má baà lè wọ ihò tí kò lè gbà á. Ìbọn kan náà lè tipa báyìí bá akẹ́kọ̀ọ́ dàgbà. Ohun tí ó kù ni pé kí ó máa fọ ihò náà dáadáa, nítorí èérí tí kòròfo kúkúrú bá fi sílẹ̀ kì í jẹ́ kí èyí tí ó gùn wọlé geerege. Àmì “+P” tí a bá rí lára àpótí kátíríìjì túmọ̀ sí pé ìfúnpá inú rẹ̀ ga ju ti .38 Special lásán lọ; kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í ṣe ti ìbọn tí ẹni tí ó ṣe é kò fọwọ́ sí i fún.

Ògbufọ̀ kò sì gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di mìlímítà. Ọta .38 Special àti ti .357 Magnum kò yàtọ̀ ní fífẹ̀. Méjèèjì tó mìlímítà 9.1. Orúkọ ni 38 yìí, kì í ṣe ìwọ̀n, bí a sì ti gbà á ni kí a kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó gbọ́dọ̀ ní ìperí tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìbọn bá ti ta kíkankíkan lẹ́ẹ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dijú, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa tẹ ẹnu ìbọn sísàlẹ̀ kí ìbọn tó dún rárá. Ìtagìrì ni èyí. Ìtasẹ́yìn ń ṣẹlẹ̀ sí ìbọn bí ẹ̀tù ti ń jó. Ìtagìrì ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ṣáájú rẹ̀, ariwo sì ń dá kún un, ìdí nìyí tí ìbòtí tí ó dára fi lè dín in kù láìyí kátíríìjì padà. Olùkọ́ tí ó bá pe méjèèjì ní orúkọ kan yóò máa pààrọ̀ àkisínú títí, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rù ni ó yẹ kí ó wò sàn. Rìfọ́fà fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: kí olùkọ́ fi kòròfo tí a ti yìn sínú ihò méjì tàbí mẹ́ta láàárín kátíríìjì tòótọ́, kí ó yí ilé ọta náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì mọ èyí tí ó kàn. Nígbà tí òòlù ìbọn bá balẹ̀ sórí kòròfo, tí kò dún, tí ẹnu ìbọn sì rì sísàlẹ̀, kò sí ìtasẹ́yìn níbẹ̀ tí a lè dá lẹ́bi.